Lindbergh kọ́ ló kọ́kọ́ fi bàálù la òkun Àtìláńtíìkì kọjá

Bí wọ́n bá béèrè pé ta ló kọ́kọ́ fi bàálù fò kọjá òkun Àtìláńtíìkì, orúkọ kan ṣoṣo ló máa ń yára jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn: Charles Lindbergh, ọmọ Amẹ́ríkà tó gbéra ní New York lọ́dún 1927, tó sì balẹ̀ sí Paris. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ṣáájú kí Lindbergh tó gbéra ni àwọn kan ti la òkun yẹn já, àwọn méjì nínú wọn ò sì dúró níbì kankan lọ́nà. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i pé a ti gbàgbé wọn, nítorí ohun tí ojú wọn rí lójú sánmà ju kékeré lọ.

Láti ọdún 1913 ni ìwé ìròyìn Daily Mail ti gbé 10,000 pọ́ún kalẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ fò láti Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Newfoundland, erékùṣù ńlá tó wà létí Kánádà, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Ireland láàárín wákàtí 72. Ogun Àgbáyé Kìíní kò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Nígbà tí ogun parí, àwọn awakọ̀ òfurufú tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn pọ̀ jọjọ, wọ́n sì gbájú mọ́ owó náà.

Àwọn tó kọ́kọ́ dé òdìkejì kò tilẹ̀ torí owó yẹn wá. Ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ni wọ́n. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1919, bàálù wọn mẹ́ta tó lè balẹ̀ sórí omi gbéra ní Newfoundland, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi ogun tí wọ́n tò sójú ọ̀nà kí wọ́n má baà ṣìnà. Ọ̀kan rì. Ìkejì balẹ̀ sórí òkun, kò lè gbéra mọ́, orí omi ló gbà dé erékùṣù Azores láàárín òkun. Ìkẹta, NC-4, tí Albert Read jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, fò dé Azores, ó dé Lisbon nílẹ̀ Pọtogí ní ọjọ́ 27, ó sì dé Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 31. Bí ìbéèrè bá jẹ́ ti ẹni tó kọ́kọ́ fi bàálù kọjá, ì báà dúró lọ́nà, Read àti àwọn márùn-ún tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ náà ló ni ín.

Láàárín ọjọ́ yẹn kan náà ni Harry Hawker àti Mackenzie-Grieve gbéra ní Newfoundland láti lọ gba owó Daily Mail. Ẹ́ńjìnnì wọn gbóná jù, wọ́n sì ní láti wá ọkọ̀ ojú omi tí wọn ó balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láàárín òkun. Ọkọ̀ ilẹ̀ Denmark kan tó ń jẹ́ Mary ló gbé wọn, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi lè ránṣẹ́ sílé. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ayé gbà pé wọ́n ti kú. Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti kọ̀wé ìbánikẹ́dùn sí ìyàwó Hawker kí ọkọ̀ náà tó dé tòsí èbúté.

John Alcock àti Arthur Whitten Brown, àwọn méjì tí mo ní wọn ò dúró lọ́nà, mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ wọ́n lọ. Àwọn méjèèjì ni ọ̀tá ti mú lẹ́rú nígbà ogun, Alcock nílẹ̀ Tọ́kì, Brown nílẹ̀ Jámánì. Bàálù tí wọ́n gùn, Vickers Vimy, jẹ́ ti ajubọ́ǹbù. Igi àti aṣọ ni wọ́n fi ṣe é, ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, ibi tí wọ́n jókòó sí kò sì ní òrùlé. Wọ́n rọ epo gálọ́ọ̀nù 865 sínú rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1919, ó rá pálá kúrò nílẹ̀ ní St. John's ní Newfoundland, díẹ̀ ló kù kó kọlu àwọn igi tó wà níwájú.

Kò pẹ́ tí ohun tó ń pèsè iná fún ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wọn fi bàjẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni páìpù èéfín ẹ́ńjìnnì kan ya, ariwo rẹ̀ ò sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn mọ́, ìwé pélébé ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kùrukùru bo òkun àti ojú ọ̀run pọ̀. Brown, tó jẹ́ atọ́nà, nílò oòrùn tàbí ìràwọ̀ kó tó lè mọ ibi tí wọ́n wà, ó sì ń dúró de ìgbà tí àlàfo díẹ̀ bá yọ. Nígbà tó yá wọ́n wọ inú ìkúùkù dúdú kan. Alcock kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́, bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í yí bìrí bìrí wálẹ̀. Ìgbà tí wọ́n jábọ́ kúrò nínú ìkúùkù náà, òkun ti wà nítòsí gan-an. Ìgbà yẹn ni Alcock ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tó lè fi mọ bí ọkọ̀ ṣe dúró, ó sì gbà á sílẹ̀. Yìnyín tún bo ojú ẹ̀rọ tó ń fi epo hàn, èyí tó wà níta, Brown sì ní láti dìde sínú atẹ́gùn yẹn kó tó lè nù ún.

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n dé Clifden ní Ireland. Wọ́n rí pápá tútù kan tó tẹ́jú dáadáa. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Marconi, tó ń fi ẹ̀rọ aláìlókùn ránṣẹ́, tó wà nítòsí ń ju ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n má balẹ̀ síbẹ̀, àwọn náà sì rò pé wọ́n ń kí àwọn ni. Irà ni. Imú bàálù wọlẹ̀, ìrù rẹ̀ dìde sókè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fara pa. Wọ́n ti fò tó máìlì 1,890 láàárín wákàtí tí kò pé mẹ́rìndínlógún. Winston Churchill, tó jẹ́ mínísítà ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ló fún wọn lówó Daily Mail náà, Ọba George Karùn-ún sì fi oyè Sir dá wọn lọ́lá.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni R34, ọkọ̀ òfurufú gígùn tí gáàsì ń gbé fò, gbéra ní Scotland, ó dé Long Island lẹ́yìn wákàtí 108, ó sì tún fò padà sílé. Lọ́dún 1922, Gago Coutinho àti Sacadura Cabral, ọmọ ilẹ̀ Pọtogí, gba apá gúúsù òkun yẹn láti Lisbon dé Rio de Janeiro. Bàálù mẹ́ta ni wọ́n lò kí wọ́n tó débẹ̀. Gbogbo wọn ló ṣáájú Lindbergh.

Kí wá ni Lindbergh ṣe? Ohun ńlá ló ṣe. Òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ní, kò sùn fún wákàtí 33 àti ààbọ̀, ọ̀nà tó rìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Alcock àti Brown. Nungesser àti Coli, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti gbéra ní Paris láti fò lọ New York ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú rẹ̀, a ò sì tún gbúròó wọn mọ́. Èmi ò ní gba iyì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lójú tèmi, ibi tí wọ́n balẹ̀ sí àti ìgbà tí wọ́n balẹ̀ ló fa àṣìṣe yìí. Àárín èrò rẹpẹtẹ ní Paris ni Lindbergh balẹ̀ sí, nígbà tí rédíò ti wọ ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí sinimá sì ń gbé àwòrán ìròyìn káàkiri. Inú irà ni Alcock àti Brown balẹ̀ sí, nígbà tí rédíò ò tíì wọlé ẹnikẹ́ni. Alcock ò sì pẹ́ láyé tí yóò fi máa sọ ìtàn ara rẹ̀: oṣù Kejìlá ọdún 1919 kan náà ni bàálù mìíràn já mọ́ ọn lọ́wọ́ nílẹ̀ Faransé nígbà tó ń lọ sí àfihàn bàálù ní Paris.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tó ń ṣètò ìdíje fún àwọn ọmọ wa, bí ẹ bá fẹ́ kí Lindbergh jẹ́ ìdáhùn, ẹ béèrè ẹni tó kọ́kọ́ dá fò kọjá Àtìláńtíìkì láìdúró. Bí ẹ bá yọ “dá fò” kúrò, Alcock àti Brown ni ìdáhùn yín. Bí ẹ bá tún yọ “láìdúró”, àwọn tó wà nínú NC-4 ni.