Kí ló dé tí rélùwéè orí tábìlì fi máa ń jọ ohun ìṣeré ọmọdé?

Irin rélùwéè kò dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó wá gba Ọ̀ffà lọ sí Ìlọrin, ó sì fi wá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láyé àtijọ́, oníṣòwò ìlú wa tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí Kánò ní láti kọ́kọ́ wá ọ̀nà dé Ọ̀ffà tàbí Ìlọrin. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi wù mí láti kọ́ ibùdókọ̀ rélùwéè kékeré sórí tábìlì nínú yàrá mi níbí. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń wá wò ó máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà léraléra. Ìdáhùn mi rèé.

Ẹ̀gbọ́n, rélùwéè tí mo rà dáa, síbẹ̀ ohun ìṣeré ló ń jọ. Kí ló fà á?

Ohun tó yí ọkọ̀ náà ká ló fà á. Ẹnu ọ̀nà àti ènìyàn ni ojú wa fi ń wọn nǹkan. Gbé ère ènìyàn tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 4 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀ṣì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ju 2 lọ, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Yan ìwọ̀n ìdínkù kan, má sì kúrò nínú rẹ̀. Ní 1:87, ìyẹn ni pé ohun gidi tóbi ju ti orí tábìlì lọ ní ìlọ́po 87, ilẹ̀kùn tó ga ní mítà 2 á di sẹ̀ǹtímítà 2.3, ní 1:64, á di 3.1. Ilé, ewúrẹ́, kẹ̀kẹ́, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e.

Irin kékeré tí wọ́n ń tà, èwo ló bá ti Nàìjíríà mu?

Ibí yìí ló máa ń rú èèyàn lójú jù, òun náà ló sì dùn mọ́ mi jù. Irin kékeré tó wọ́pọ̀ jù láyé, mílímítà 16.5 ni àlàfo àárín ọ̀pá irin rẹ̀ méjèèjì. Ojú irin àtijọ́ tiwa, èyí tó gba Ọ̀ffà, mílímítà 1,067 ni. Ti tuntun tí wọ́n ṣí láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021 fẹ̀ jù ú lọ: 1,435 ni. Wàyí o, sọ 16.5 di ìlọ́po 87, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1,435 gẹ́lẹ́. Sọ ọ́ di ìlọ́po 64, ó di 1,056, mílímítà 11 péré ló fi dín sí 1,067. Irin kan náà ni o! Ohun tí o bá gbé lé e lórí ló ń sọ irú ojú irin tó jẹ́. Gbé kọ́ọ̀ṣì 1:87 lé e, o wà lójú irin tuntun. Gbé ti 1:64 lé e, o ti dé Ọ̀ffà àtijọ́. Àwọn ará Gúúsù Áfíríkà, tí irin 1,067 wà lọ́dọ̀ àwọn náà, ti ń lo ọgbọ́n 1:64 yìí tipẹ́. Àǹfààní mìíràn ni pé ọ̀pọ̀ mọ́tò ìṣeré onírin kéékèèké tí wọ́n ń pàtẹ lọ́jà súnmọ́ 1:64, o lè gbé wọn síwájú ibùdókọ̀ rẹ.

Ṣọ́ra fún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ara ọkọ̀ 1:76 ni wọ́n gbé lé irin 16.5 kan náà, nítorí pé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, mọ́tò iná, ẹ̀rọ tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, kò lè wọ inú ọkọ̀ wọn bí wọ́n bá ṣe é ní 1:87.

Ṣé kí n ra koríko àti igi tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun?

Má rà á. Koríko wọn tutù yọ̀yọ̀, ọ̀dàn tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́ yan oṣù. Ní oṣù kìíní, koríko ti gbẹ, iná ti jó apá kan, ọyẹ́ ti da eruku bo páànù. Ní oṣù keje, gbogbo rẹ̀ tún di tútù. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ ti ba iṣẹ́ jẹ́. Oṣù kìíní ni mo yàn.

Bu ilẹ̀pa, yan án lórí iná kí kòkòrò inú rẹ̀ kú, kí o sì fi ajọ̀ kù ú. Lẹ́yìn náà, fi ọ̀rá wé òòfà, kí o fà á gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Má fo èyí. Irin pọ̀ nínú ilẹ̀pa wa, èyí tó bá ṣẹ́kù á lẹ̀ mọ́ òòfà inú mọ́tò ọkọ̀, á sì bà á jẹ́. Po gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà mọ́ omi ní ìwọ̀n kan náà, kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i, kí o máa kán an sórí ilẹ̀ náà. Ọṣẹ ló ń jẹ́ kó wọlé. Láìsí i, ṣe ni á dúró bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí eruku.

Kànìnkànìn tí a tú ni koríko gbígbẹ mi, kò nílò ọ̀dà rárá. Wáyà iná tí a lọ́ pọ̀ ni igi, fóòmù gígún tí a pa láró ni ewé, ìyẹ́ adìẹ tí a rẹ́ létí sì ni imọ̀ ọ̀pẹ. Wo igi gidi kí o tó ṣe tìrẹ: orí irúgbá tẹ́ bí agboòrùn, máńgòrò ṣù, ẹ̀ka kajú fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Máńgòrò tó ga ní mítà 12 yẹ kó tó sẹ̀ǹtímítà 19 ní 1:64. Mo máa ń rí i tí wọ́n ń ṣe é ní 8, igi á wá kéré sí kọ́ọ̀ṣì.

Ọkọ̀ wo ni kí n tò sórí rẹ̀?

Mú àsìkò kan. Bí o bá mú àwọn ọdún 1950, orí ọkọ̀ onísítíìmù ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní River, ẹlẹ́sẹ̀ 2-8-2, ìyẹn ẹsẹ̀ méjì níwájú, mẹ́jọ láàárín, méjì lẹ́yìn. So wágọ́ọ̀nù ẹ̀pà Kánò, ti màlúù àti ti epo mọ́ ọn. Kọ́ọ̀ṣì 2021 kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Bí tábìlì rẹ bá kéré, wágọ́ọ̀nù kúkúrú ni kí o rà. Kọ́ọ̀ṣì mítà 20 á gùn ní sẹ̀ǹtímítà 31 ní 1:64. Bó bá dé kọ́nà, ikùn rẹ̀ á yọ síta.

Má jẹ́ kó máa dán. Osùn lúbúlúbú ni mo fi ń pa ìsàlẹ̀ wágọ́ọ̀nù, bí ìgbà tí eruku ojú irin ta sí i, mo sì ń fi èédú lílọ̀ pa òkè orí ọkọ̀.

Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ó ti jọ rélùwéè gidi?

Gbé fóònù kalẹ̀ sórí pèpéle ibùdókọ̀, kí ojú kámẹ́rà bá ojú ère ènìyàn dọ́gba, kí o sì ya fọ́tò. Ohun tí kò bá bá ìwọ̀n mu á hàn sí ọ lójú ẹsẹ̀. Ní tèmi, ilẹ̀kùn ilé tíkẹ́ẹ̀tì ni. Mo ti tú u ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì ga ju bó ti yẹ lọ díẹ̀.