Wọ́n ní kóòtù Amẹ́ríkà ò lè pa gbèsè ilé ìwé rẹ́

Bí ọ̀rọ̀ gbèsè bá jáde láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tó wà l'Amẹ́ríkà, ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í jiyàn lé lórí: bankruptcy, ìyẹn kéèyàn lọ sí kóòtù pé òun ò lè san gbèsè mọ́ kí wọ́n lè pa á rẹ́, lè gba èèyàn lọ́wọ́ gbèsè credit card, ó lè gbà á lọ́wọ́ gbèsè ọsibítù, ṣùgbọ́n ti student loan, ìyẹn gbèsè ilé ìwé, àfi téèyàn bá kú. Ti ikú yẹn kì í ṣe irọ́ o. Bó bá jẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló yáni lówó, tí onígbèsè bá kú, gbèsè kú nìyẹn. Ìyókù ni kò rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Títí di 1976, gbèsè ilé ìwé ò yàtọ̀ sí gbèsè mìíràn níwájú adájọ́. Ẹni tí gbèsè bá ti mù dé ọrùn á kó gbogbo rẹ̀ lọ sí kóòtù, wọn á sì pa á rẹ́ pọ̀. Àfi bí ariwo ṣe sọ pé àwọn ọ̀dọ́ dókítà àti lọ́yà ń gbàwé ẹ̀rí tán, wọ́n sì ń gba kóòtù lọ tààrà kí owó ńlá tó máa wọlé. Ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, bá ṣòfin pé ó di ọdún 5 lẹ́yìn tí àsìkò àtisan án bẹ̀rẹ̀ kí kóòtù tó lè pa á rẹ́ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn olùṣàyẹ̀wò owó ìjọba wo ìwé dáadáa láyé ìgbà náà, gbèsè ilé ìwé tó gba ọ̀nà yẹn lọ ò tó ìdá 1 nínú 100.

Láti ibẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń fún okùn náà mọ́ ọn. Ní 1990, ọdún 5 di 7. Ní 1998, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ọdún kúrò pátápátá. Ní 2005, wọ́n fi èyí tí báńkì aládàáni ń yáni kún un.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: bí sísan án yóò bá kó ìnira tó pọ̀ lápọ̀jù bá onígbèsè. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ò sọ irú ìnira tó jẹ́. Kóòtù tó pọ̀ jù ń tẹ̀ lé ẹjọ́ Brunner, tí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan dá ní New York ní 1987: pé bí ẹ bá san án, ẹ ò ní rówó ilé àti oúnjẹ bó ti yẹ, pé ipò yẹn ò ní yí padà bọ̀rọ̀, pé ẹ ti gbìyànjú lóòótọ́ láti san án. Obìnrin tó ni ẹjọ́ yẹn ò tíì pé ọdún kan tó gboyè master's nígbà tó lọ sí kóòtù; ká ní ó dúró de ọdún 5 ni, ì bá bọ́. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ń kánjú ni wọ́n wá fi ń wọn ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún lónìí, tí kò sí ọdún kankan tó lè dúró dè. Èmi ò rí ibi tí wọ́n ti jọra.

Béèyàn bá kàn kọ̀wé bankruptcy, student loan ò ní bá a lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ pe ẹjọ́ mìíràn sínú ẹjọ́ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní adversary proceeding. Ọ̀pọ̀ kì í pè é, gbèsè á sì jókòó síbẹ̀. Wọn á ní òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní November 2022, ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ àti ti ètò ẹ̀kọ́ gbé ìlànà kan jáde lórí gbèsè ìjọba àpapọ̀: onígbèsè á kọ owó tó ń wọlé àti ìnáwó rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, agbẹjọ́rò ìjọba á sì wò ó bóyá kí àwọn má ta kò ó. Ẹni tó ti pé ọdún 65, ẹni tí àìsàn ò jẹ́ ó ṣiṣẹ́, ẹni tí kò parí ilé ìwé, wọ́n gbà pé ipò irú wọn ò ní yí padà bọ̀rọ̀. Adájọ́ ló ṣì ni ìdájọ́. Báńkì aládàáni ò sí nínú ìlànà yìí. Ó lè bá yín jà á dópin.

Bí lọ́yà bá wá sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe, ẹ bi í bóyá ó ti pe irú ẹjọ́ yẹn rí.