Ẹ Pe Ẹja Ní Orúkọ Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Wá Ìwé Kà Lórí Rẹ̀

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ẹni mẹ́rin tó ń sin ẹja ló ti wá bá mi ní Sábó níhìn-ín, ní Ilé-Ifẹ̀, tí fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún, tí òkú ẹja wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ òsì. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: “Dókítà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ka ohun tí mo ṣe o.” N kò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó kàwé. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí èèyàn máa tẹ̀ lé ohùn ẹni tí kò mọ̀ rí lórí WhatsApp lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìwé tí wọ́n kà kì í ṣe ìwé ẹja wọn.

N kò ní í kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fi fóònù wá nǹkan, àwọn ọmọ yín mọ ìyẹn dunjú. Orúkọ ni mo fẹ́ kí a sọ.

Bí ẹ bá kọ “catfish” sí Google, púpọ̀ nínú ohun tó máa kó síwájú yín, ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Ictalurus punctatus ni ẹja tí wọ́n ń sìn lọ́hùn-ún. Òun náà ní irùngbọ̀n, ara rẹ̀ náà ń yọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àrọ̀. Àrọ̀ tiwa ní ẹ̀yà ara kan nínú orí tó pẹ̀ka bí igi, òun ló fi ń mí atẹ́gùn òkè. Ìyẹn ni ẹ fi ń rí i tó ń gòkè wá gbé atẹ́gùn mì, òun náà ni àwọn ìyá ẹlẹ́ja fi lè gbé e láàyè lọ sọ́jà nínú abọ́ tí omi rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ. Ti Amẹ́ríkà kò ní in rárá. Iye ẹja tí wọ́n ń kó sínú omi lọ́hùn-ún, bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ atẹ́gùn inú omi, oògùn tí ara ẹja wọn gbà, ẹja tó yàtọ̀ ni wọ́n fi dán gbogbo rẹ̀ wò.

Clarias gariepinus lorúkọ àrọ̀ nínú ìwé. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri bí ẹ bá fẹ́. Odò Gariep ní Gúúsù Áfíríkà ni Burchell, onímọ̀ ìṣẹ̀dá kan, fi sọ ọ́ lórúkọ ní 1822. Ní 1840, Valenciennes, onímọ̀ ẹja kan, tún fún ẹja kan náà ní orúkọ mìíràn, lazera. Ó pẹ́ títí kí wọ́n tó gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn ọdún 1980 ni Teugels, onímọ̀ ẹja mìíràn, tó tú ìdílé Clarias ilẹ̀ Áfíríkà wò, tó sì kó àwọn orúkọ náà pọ̀ sábẹ́ ẹyọ kan, gariepinus. Kí ló kàn yín níbẹ̀? Ó kàn yín gan-an! Púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí àwọn àgbà wa ṣe lórí àrọ̀ ní Nàìjíríà ṣáájú ìgbà yẹn, Clarias lazera ni wọ́n pè é. Ẹni tí kò bá wá orúkọ àtijọ́ yìí yóò rò pé àwọn baba wa nínú iṣẹ́ yìí kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ṣe é. Inú ilé ìkàwé ni mo ti fọwọ́ mi ṣí i, kí Google Scholar, ibi tí wọ́n ti ń wá ìwé ìwádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó dé ní 2004.

Bákan náà ni epìyà. Oreochromis niloticus ni lónìí, Sarotherodon niloticus ni tẹ́lẹ̀, Tilapia nilotica sì ni kó tó di ìyẹn. Kò sí ìdí láti há gbogbo rẹ̀ sórí. Ẹ lọ sí FishBase, àkójọ orúkọ ẹja lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ẹja inú rẹ̀ lé ní 35,000 oríṣi. Ẹ kọ orúkọ ẹja yín síbẹ̀, yóò kó gbogbo orúkọ tó ti jẹ́ rí jáde.

Bí orúkọ bá ti wà lọ́wọ́, ẹ gbé e lọ sí Google Scholar. Ẹ yà sí AJOL (African Journals Online) pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń kó jọ́nà, ìwé ìwádìí, ilẹ̀ Áfíríkà jọ láti 1998, nítorí omi tó gbóná bíi tiwa ni ọ̀pọ̀ wọn fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìwé FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ìwé kan mọ́ yín, tí wọ́n ń béèrè dọ́là, ẹ má san án. Ímeèlì ẹni tó kọ ọ́ sábà máa ń wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ kọ̀wé sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èmi náà máa ń fi tèmi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè, inú mi a sì máa dùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá fún àwọn tó ń ta kápúsù apakòkòrò aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò pé kí ẹ tú u sómi. Wọn kò béèrè lítà omi, wọn kò wo ẹja, wọ́n kàn ń ka kápúsù ni. Kòkòrò tí kò kú níbẹ̀ yóò kọ́ bí a ṣe ń bá oògùn náà gbé, ẹ̀yin àti ọmọ yín lẹ sì máa jẹ ẹja yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ lè ní orúkọ ẹja lọ́wọ́ kí ẹ sì tún fi ìwé pa á. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì pè mí láti Iléṣà ní ìdájí ọjọ́ Sátidé kan. Nígbà tí mo débẹ̀, 2,000 ọmọ àrọ̀ ló wà nínú tánkì onílítà 1,000, gbogbo wọn ti kú. Irùngbọ̀n wọn ti ká kò, ikùn wọn ti fún mọ́ra. Aládùúgbò kan ti ń sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pé ọwọ́ ayé ni. Mo ní kó dákẹ́. Mo ti ìka bọ omi náà, mo tọ́ ọ wò.

“Ẹ̀gbọ́n, iyọ̀ mélòó lẹ dà síbẹ̀?”

“Ọgbọ̀n kílò, Dókítà. Ìwé ló wí bẹ́ẹ̀.”

Ó gbé fóònù rẹ̀ fún mi. Lóòótọ́, àtẹ náà wí pé gíráàmù 30 sí lítà kan, fún kòkòrò ara ẹja. Omi òkun pàápàá, bíi gíráàmù 35 ni iyọ̀ inú lítà rẹ̀ kan. Bí iyọ̀ ṣe ń fa omi jáde lára àrọ̀ tí ẹ fẹ́ sè, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fa omi ara àwọn ọmọ ẹja yẹn láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo fi ìka fa ojú ìwé náà sókè. Ìràwọ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 30 yẹn. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń ri ẹja bọ̀ ọ́, pé bí ó bá ti ń dojú dé, kí wọ́n gbé e padà sínú omi tó mọ́. Ẹ̀gbọ́n kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé fóònù lé orí ìdérí tánkì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi abọ́ kó òkú ẹja.

Láti ọjọ́ náà, kò da ohunkóhun sómi mọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi odidi ìwé ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀yin náà, odidi ìwé ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́, ẹ má ya fọ́tò àtẹ nìkan. Kí ẹ sì kọ iye lítà omi yín àti iye ẹja tó wà níbẹ̀ sí i.