Bí Ọmọge Inú Orin Sólómọ́nì Ṣe Di Ísírẹ́lì

Níbi ìgbéyàwó Yorùbá l'Ábùjá, ìbáà jẹ́ ní Gwarinpa tàbí ní Kúbwà, orí 8 Orin Sólómọ́nì kì í pẹ́ bọ́ sẹ́nu pásítọ̀: omi púpọ̀ kò lè pa iná ìfẹ́. Bí ìwé kan náà bá wá bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, yóò ní kò kan tọkọtaya, Kristi àti ìjọ ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìtìjú ló bí ìtumọ̀ kejì yìí: àwọn àgbà ẹ̀sìn rí ọmú àti itan nínú Ìwé Mímọ́, ojú tì wọ́n, wọ́n bá wá aṣọ dà bò ó. Èrò yẹn kò tọ̀nà. Ẹni tí ojú ń tì yóò fo ẹsẹ̀ náà ni, àwọn rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn Júù tó ka obìnrin inú Orin náà sí Ísírẹ́lì, kò sì fò ó. Wọ́n ní ọmú méjèèjì tó wà ní orí 4 ni Mósè àti Áárónì, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni Ísírẹ́lì ti mu ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bí ọmọ ṣe ń mu wàrà.

Àwọn wòlíì ló kọ́kọ́ la ọ̀nà náà. Hóséà, Jeremáyà àti Esekíẹ́lì ti pe Ọlọ́run ní ọkọ, wọ́n sì pe Ísírẹ́lì ní ìyàwó. Ohun tó kù fún òǹkàwé ni kó wá ibi tí Orin náà ti fara kan ìtàn tó ti mọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn jù nìyí. Ní 1:9, ọkùnrin náà fi olólùfẹ́ rẹ̀ wé ẹṣin nínú kẹ̀kẹ́ Fáráò. Létí rábì, kẹ̀kẹ́ Fáráò kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán: Ẹ́kísódù 14 ni, létí Òkun Pupa. Ó di ìyẹn mú. Ní 2:14, ó bá àdàbà kan nínú pàlàpálá àpáta, tí olólùfẹ́ ń bẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí ló lé e débẹ̀? Àwọn rábì dáhùn pé àwòdì ló lé e, bó sì ti fẹ́ kó sínú àpáta, ejò ló bá níbẹ̀. Kò lè wọlé, kò lè jáde, ló bá ń lu ìyẹ́, tó ń ké kí olówó rẹ̀ lè gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ísírẹ́lì ṣe dúró, omi níwájú, ogun Fáráò lẹ́yìn, tí wọ́n sì kígbe sí Ọlọ́run. Ẹ́kísódù ròyìn igbe náà. Orin ló fi kún un pé ohùn náà dùn létí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Láti ibẹ̀, ìgbà òtútù tó kọjá ní 2:11 di oko ẹrú Éjíbítì tó dópin. Abájọ tí ọ̀pọ̀ sínágọ́gù fi ń ka ìwé náà nígbà Àjọ Ìrékọjá.

Oríkì tiwa náà ń ṣiṣẹ́ báyìí. Bí ìyá kan ní Kúbwà bá ń ki ọmọ rẹ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ọmọ náà lè má ja ìjàkadì rí, ó lè má tilẹ̀ dé Ọ̀fà rí. Síbẹ̀ orí rẹ̀ wú. Òun ni wọ́n ń kì, ìlú ni wọ́n ń kì. Bí a bá yọ ọmọ náà kúrò, oríkì kò rí ẹni tí yóò bà lé. Bí a bá yọ Ọ̀fà kúrò, kò sí ohun tí a ó fi kì í. Ogun àti oyè àwọn baba ńlá náà ni wọ́n fi ń rẹ ọmọ tó ń sunkún, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè èwo ló jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì.

Abraham ibn Ezra, onímọ̀ Júù kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, gba inú ìwé náà kọjá lẹ́ẹ̀mẹta: ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀, ó sọ ìtàn ọkùnrin àti obìnrin náà, lẹ́yìn náà ló tó kan Ísírẹ́lì. Kò sí ìlànà tó dára ju èyí lọ.

Ṣáájú rẹ̀, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta, Origen, onímọ̀ ẹ̀sìn Kristi, ti fi Kristi sípò olólùfẹ́, ó ní ìjọ ni ìyàwó, ó sì ní ọkàn onígbàgbọ́ kan ṣoṣo náà lè dúró sípò ìyàwó. Ọ̀nà yìí ni Bernard ti Clairvaux, àlùfáà kan ní ilẹ̀ Faransé, gbà tó fi wàásù 86 láàárín 1135 sí 1153 tó kú, tí kò sì kọjá ìbẹ̀rẹ̀ orí 3. Ṣùgbọ́n Origen ní kí ẹni tí ìfẹ́ ara kò tíì fi sílẹ̀ má ka ìwé náà. Ibẹ̀ ni ìfura sí ara ti yọ́ wọlé, àwọn olùkọ́ púpọ̀ kò sì tíì lé e jáde títí dòní.

Orí 5 ló fi àdánù rẹ̀ hàn. Olólùfẹ́ kan ilẹ̀kùn lóru, obìnrin náà ní òun ti bọ́ aṣọ, òun ti fọ ẹsẹ̀. Ìgbà tí yóò fi ṣí i, ọkùnrin náà ti lọ. Rashi, rábì kan tó ṣàlàyé Ìwé Mímọ́, ní àwọn wòlíì ni ohùn tó ń kan ilẹ̀kùn. Ísírẹ́lì fi falẹ̀, ìgbèkùn sì dé. Ọ̀dọ́ tí a kò jẹ́ kó kọ́kọ́ bá obìnrin yẹn dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yóò há ìtumọ̀ náà sórí lásán ni, kò ní mọ ohun tí ìgbèkùn náà gbà lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Kí olùkọ́ tó dárúkọ ìjọ, ó yẹ kó fún ìtàn ọkùnrin àti obìnrin náà ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀.