Ta ni ọmọ àlejò jókòó tì ní kíláàsì?

Ìbéèrè: Ọmọ Àgátú méjì, tí òbí wọn ń ṣiṣẹ́ oko kòkó lẹ́yìn Ilé-Ifẹ̀, jọ wọlé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kan ti ń kàwé geere, èkejì ò tíì lè ka ojú ìwé kan tán. Ṣé orí ọ̀kan pé ju tèkejì lọ ni?

Ìdáhùn: Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí kálukú wọn jókòó tì. Iṣẹ́ ìwádìí tí Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọ tí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ta ló fẹ́ fi Àgátú kọ́ ọmọ ní Ifẹ̀? Ẹnu àwọn ọmọ kíláàsì ló kù fún un: nídìí bọ́ọ̀lù, nídìí ẹ̀wà àjọjẹ, tàbí nígbà tí ẹnìkan bá rọra fìgunpá tọ́ ọ pé, "Wọ́n ní ká fàlà sídìí ẹ̀." Tíṣà tí ọmọ bí àádọ́ta wà níwájú rẹ̀ ò ráyè ìyẹn.

Ìbéèrè: Bí àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ bá pọ̀ níbẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ara á tù ú, kò sì ní máa sá nílé ìwé. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá kóra jọ sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, Yorùbá wọn á pẹ́ kó tó dán.

Ìbéèrè: Àwọn ọmọ tiwa ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọ àlejò ò ní fà wọ́n sẹ́yìn?

Ìdáhùn: Ìbẹ̀rù yìí ò yọ ibì kankan sílẹ̀. Ní Austin, ní Texas, ní 1971, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọmọ dúdú, ọmọ funfun àtàwọn ọmọ tó tan mọ́ Mẹ́síkò pọ̀ nílé ìwé, ìjà ò sì tán. Elliot Aronson, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ní kí wọ́n pín ẹ̀kọ́ kan sí wẹ́wẹ́, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú apá kan, kó sì fi kọ́ àwọn yòókù. Ọmọ tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò já gaara, ọwọ́ rẹ̀ ni apá kan ìdáhùn wà báyìí. Bí wọ́n bá fi í rẹ́rìn-ín, àwọn náà á pàdánù máàkì. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi pẹ̀lẹ́ bi í léèrè. Máàkì àwọn tí wọ́n ń fojú di gòkè, ti àwọn ọmọ funfun ò sì wálẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé olórí kíláàsì ni ká wá fi jókòó tì í?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìyẹn á kàn bá a kọ ìdáhùn sínú ìwé ni. Aláròyé kíláàsì ni kẹ́ ẹ fún un, èyí tẹ́ ẹ ti ń bá wí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.