Àlọbọ̀ òòjọ́ ni, kì í ṣe ìrìn-àjò ọjọ́ kan

Ìwé ìpolówó pélébé kan ló fa gbogbo èyí. Ilé-iṣẹ́ kan tó máa ń kó àwọn ará Èkó lọ gbafẹ́ ní Hurghada, létí Òkun Pupa ní Íjíbítì, ló tẹ̀ ẹ́ ní èdè Yorùbá. Mo kọ́kọ́ yọ̀ pé wọ́n rántí wa. Mo ṣí ojú ewé kejì, mo rí i: "Ìrìn-àjò ọjọ́ kan sí aginjù láti ibi ìsinmi etí òkun." Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n tún fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ pé: "Kò sí kọ́ńfọ́ì mọ́!", ìyẹn ọkọ̀ tó ń tò tẹ̀ lé ọlọ́pàá. Ohun tí wọ́n ń wí ni èyí tí Òyìnbó ń pè ní "day trip": èèyàn á lọ láàárọ̀, á sì bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Mo ká ìwé náà, mo fi sápò, inú mi ò sì dùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sanwó fún pé kó lọ simi, ka ìwé yìí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an. Ó rò ó pé ìrìn-àjò ọjọ́ kan, a jẹ́ pé odindi ọjọ́ kan la ó fi rìn ín ká tó débẹ̀, ibẹ̀ la ó sì sùn. Màmá bá palẹ̀ ẹrù mọ́. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé ní aago mẹ́rin ìdájí, wọ́n bá màmá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtura pẹ̀lú báàgì ńlá méjì àti ike gaàrí kan. Ó ti dá kọ́kọ́rọ́ yàrá padà. Awakọ̀ ò gbọ́ Yorùbá, màmá ò gbọ́ Lárúbáwá. Ọmọkùnrin amọ̀nà ń fi ọwọ́ júwe oòrùn pé yóò yọ, yóò wọ̀, wọn yóò sì ti padà. Màmá ní òun ti rí oòrùn rí.

Mi ò dá màmá lẹ́bi. Yorùbá ni wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀, Yorùbá ló sì gbọ́. Lẹ́nu tiwa, àjò ní oorun nínú. Ẹni tó lọ sí Ọjà Ọba láàárọ̀ tó bọ̀ nírọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tí yóò kí i pé ẹ kú àjò. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, àjò tí òwe yẹn ń wí ti pẹ́ tó láti dùn, ó ti pẹ́ tó láti mú kí èèyàn fẹ́ gbàgbé ilé. Ta ló gbàgbé ilé láàárín aago mẹ́rin ìdájí sí aago mẹ́sàn-án alẹ́? Tí ẹ bá wá so "ọjọ́ kan" mọ́ àjò, ohun tí ọmọ Yorùbá yóò gbọ́ ni bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Kò ní gbọ́ pé wọn yóò dá a padà sórí ibùsùn rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń pè é ní àlọbọ̀ òòjọ́. Àlọ àti àbọ̀ ni mo so pọ̀. Ẹ lọ sí gáréèjì èyíkéyìí kí ẹ ní ẹ fẹ́ háyà ọkọ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé àlọ nìkan ni, àbí àlọ àti àbọ̀? Àwọn awakọ̀ ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, àwa ọ̀mọ̀wé la ṣì ń wá ọ̀rọ̀ kiri. Mo fi òòjọ́ kún un nítorí pé èèyàn lè lọ kó bọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Òòjọ́ ló dé e mọ́lẹ̀, bó ṣe dé oúnjẹ òòjọ́ mọ́lẹ̀: ti òní, tí kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú.

Ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ máa ń jiyàn sọ pé "ẹkisikọ́ṣọ̀n" ti wà lẹ́nu wa, kí ló ń dà mí láàmú. Ó wà lẹ́nu wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù, kúlà ìrẹsì àti tíṣà tó ń ka orí àwọn ọmọ. Ẹ kò lè fi ọ̀rọ̀ yẹn pe àgbàlagbà tó fi owó ara rẹ̀ lọ wo ibojì ọba. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì kan, tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, mú "ìgbafẹ́ ojúmọ́" wá. Ó dùn létí. Àmọ́ èèyàn lè gbafẹ́ ní pálọ̀ ara rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀. Níbo ni ìrìn wà nínú rẹ̀? Níbo ni àbọ̀ wà? Ní ti "dé-tríìpù", mi ò ní sọ nǹkan kan. Ẹlòmíràn tún ní wọn yóò ka àlọbọ̀ sí àlọ́ tí a ń pa fọ́mọdé. Ohùn òkè wà lórí àlọ́ ìjàpá, kò sí lórí àlọ tèmi. Ẹni tí kò bá fi àmì sí ọ̀rọ̀ ló wá wàhálà.

Bí a tilẹ̀ ti dárúkọ ìjàpá, ṣebí òun ló ni òwe tó gbè mí lẹ́sẹ̀: àlọ ni ti ahun, àbọ̀ ni ti àna rẹ̀. Ahun jí iṣu, àna rẹ̀ dè é mọ́gi lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn tó ń lọ sóko láàárọ̀ bú ahun. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ tí wọ́n tún bá a níbẹ̀, àna ni wọ́n bú. Àwọn èèyàn kan náà ni, ọ̀nà kan náà ni, ojúmọ́ kan náà ni. Bí òwe yẹn kò bá jẹ́ ẹ̀rí tó fún àlọbọ̀ òòjọ́, mi ò mọ èyí tí yóò tó.

Ó yá, kí ni nǹkan náà gan-an? Bàbá àgbẹ̀ ní oko méjì. Oko etílé ni èyí tó lọ láàárọ̀ tó bọ̀ lálẹ́, ọbẹ̀ ilé ló sì ń jẹ. Oko ẹgàn jìn, ibẹ̀ ló kọ́ ahéré sí, ó lè ṣe oṣù kan kí ìyàwó tó fojú kàn án. Àlọbọ̀ òòjọ́ ni pé kí ẹnì kan la títì, kó sọ oko ẹgàn di oko etílé. Kò sẹ́ni tó fa oko súnmọ́ ilé, ahéré nìkan ni wọn ò nílò mọ́.

Luxor, ìlú tẹ́ńpìlì àti ibojì àwọn ọba Íjíbítì àtijọ́, ni oko ẹgàn Òkun Pupa. Láti Hurghada, ẹ ó gba etí òkun lọ sí Safaga, ẹ ó yà sínú aṣálẹ̀ lọ sí Qena, ẹ ó wá bá odò Náílì dé Luxor. Ó tó nǹkan bí 300 kìlómítà, bí ẹni kúrò l'Ékòó lọ Ìlọrin, wákàtí mẹ́rin ni bọ́ọ̀sì fi ń rìn ín. Strabo, ará Gíríìkì tó dé Íjíbítì ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, kọ ọ́ sílẹ̀ nípa ọ̀nà tó jọ èyí, láti Coptos létí Náílì dé èbúté Myos Hormos létí Òkun Pupa, pé ọjọ́ mẹ́fà tàbí méje ni. Ó ní tẹ́lẹ̀ rí, òru làwọn oníràkúnmí fi ń rìn, ìràwọ̀ ni wọ́n ń wò, wọ́n sì ń ru omi tiwọn lọ́wọ́ bí àwọn atukọ̀ lójú agbami. Nígbà tí òun dé ibẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ kànga jíjìn sójú ọ̀nà. Àwọn ará Róòmù kọ́ odi yí kànga wọ̀nyẹn ká. Ibẹ̀ ni ọlọ́jà ń sùn sí pẹ̀lú ata àti aṣọ Íńdíà tó ń kó lọ. Ahéré nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi! Ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró lóde òní láàárín Safaga àti Qena, kí èèyàn lè tọ̀ kó sì mu tíì, ọmọ ọmọ kànga Róòmù ni, àfi pé kò sẹ́ni tó ń sùn síbẹ̀ mọ́.

Kódà ó ti pẹ́ ju ti Róòmù lọ. Ní Mersa Gawasis, ìsàlẹ̀ Safaga díẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn rí okùn ọkọ̀ ojú omi nínú ihò òkúta, ó ká jọ rèǹtè bí ẹni pé àná ni wọ́n ká a, ó sì ti tó nǹkan bí 3,800 ọdún. Etí Náílì ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á rù ú la aṣálẹ̀ kọjá, wọ́n á tún un tò létí òkun láti lọ ra tùràrí nílẹ̀ Punt. Ayaba Hatshepsut náà rán ọkọ̀ lọ sí Punt, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ àwòrán wọn sára ògiri tẹ́ńpìlì rẹ̀ ní Luxor. Tẹ́ńpìlì yẹn wà lára ohun tí bọ́ọ̀sì Hurghada ń gbé èèyàn lọ wò. Èèyàn kúrò létí òkun, ó la aṣálẹ̀ kọjá, ó lọ wo àwòrán àwọn tó la aṣálẹ̀ kọjá lọ sétí òkun.

Ìgbà kan wà tí ọ̀nà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ọdún 1869 ni Thomas Cook kọ́kọ́ kó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ wá sórí Náílì. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi dé Luxor, òkè aṣálẹ̀ tó wà lẹ́yìn wọn kò kàn wọ́n. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí ọ̀nà omi Suez, òwò èbúté Quseir, létí Òkun Pupa, sì rọ. Hurghada fúnra rẹ̀, abúlé apẹja ni, wọ́n wa epo rọ̀bì nítòsí rẹ̀, ó di ọdún 1980 sókè kí ilé ìtura tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbẹ̀ bí olú. Àwọn ará Jámánì, Bírítéènì àti Rọ́ṣíà ń bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ń sùn sórí iyanrìn. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ara á máa ta ẹlòmíràn: ó ti dé Íjíbítì, kò sì tíì rí nǹkan kan tí í ṣe ti Fáráò. Ibẹ̀ ni àlọbọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe títì nìkan ló sọ àlọbọ̀ di bó ṣe rí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1997, àwọn agbébọn pa èèyàn 62 ní tẹ́ńpìlì Hatshepsut. 58 nínú wọn jẹ́ àlejò láti òkè òkun. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba ní ọkọ̀ àlejò kankan kò gbọdọ̀ dá gba ọ̀nà aṣálẹ̀ mọ́. Safaga ni wọ́n ti ń kóra jọ, ọlọ́pàá níwájú, ọlọ́pàá lẹ́yìn, wákàtí tí ọlọ́pàá bá dá ni gbogbo wọn ń ṣí, wákàtí tó bá dá ni wọ́n sì ń padà. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ ni Yorùbá ń pe èyí. A ní ọ̀wọ́ ẹyẹ, a ní ọ̀wọ́ ẹran, ìwé ìròyìn wa ń kọ ọ̀wọ́ ọkọ̀ gómìnà lójoojúmọ́. Kí wá ni "kọ́ńfọ́ì" ń wá nínú ìwé ìpolówó?

Ọ̀wọ́ yìí ló so òòjọ́ mọ́ àlọbọ̀ ní tipátipá. Ẹni tí tẹ́ńpìlì Karnak ní Luxor bá wù láti wò pẹ́ díẹ̀ kò lè pẹ́. Ọ̀wọ́ ń lọ. Gbogbo bọ́ọ̀sì ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, èèyàn ń fún ara wọn pọ̀ láàárín òpó. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n tú ọ̀wọ́ ká, ibi àyẹ̀wò àwọn ọlọ́pàá ló ṣẹ́kù lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, ìdájí ni wọ́n ṣì ń ṣí. Páálí oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n ṣì ń há fún yín kí ẹ tó wọkọ̀. Karnak, Àfonífojì Àwọn Ọba (tíkẹ́ẹ̀tì kan, ibojì mẹ́ta, ti Tutankhamun ní owó tirẹ̀), Hatshepsut, àwọn ère Memnon méjì, ṣọ́ọ̀bù òkúta alabásítà tí ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n yà sí, ó tán, ẹ wọkọ̀. Ọlọ́pàá tó dè wọ́n mọ́gi ti lọ, ahun ò kúrò nídìí igi.

Àwọn kan yóò fẹ́ kí n ya bọ́ọ̀sì ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára takisí tí èèyàn dá háyà, kí n sì tún ya ti Luxor kúrò lára ti àwọn tó kàn gun alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lọ mu tíì lọ́dọ̀ àwọn Bedouin, àwọn Lárúbáwá inú aṣálẹ̀. Gbogbo wọn ló lọ, gbogbo wọn ló bọ̀ lóòjọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ó ku aginjù. Mo mọ̀ pé Bíbélì lò ó, mi ò bá Bíbélì jà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ aginjù fún ọdẹ kan ní Òkè-Ògùn, igbó dúdú ni yóò fojú inú rí, igi àràbà àti ẹfọ̀n. Ọ̀nà Safaga kò ní ewé kan. Aṣálẹ̀ ni. Kì í tilẹ̀ ṣe aṣálẹ̀ oníyanrìn rírọ̀ tí wọ́n ya sínú ìwé ìpolówó yẹn; òkè olókùúta ni lọ́tùn-ún lósì, pupa àti eérú, látinú irú òkè bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Róòmù ti gé òkúta tí wọ́n fi ṣe lára àwọn òpó iwájú Pantheon, tẹ́ńpìlì àtijọ́ ní ìlú Róòmù. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi já sí Qena, tí oko ìrèké yóò yọ sí yín lójijì, tí gbogbo bọ́ọ̀sì á sì jí.

Màmá rí ìrèké náà. Wọ́n bá a gbé báàgì rẹ̀ méjèèjì sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n lọ Luxor, wọ́n bọ̀, ó tọrọ kọ́kọ́rọ́ yàrá kan náà padà. Lóṣù tó kọjá, àwọn ọmọ rẹ̀ tún sanwó fún ibòmíràn, ó sì pè mí lórí fóònù. Kò kí mi tán tó fi bi mí pé, "Ọmọ mi, èyí tí wọ́n ń wí yìí, ṣé àlọbọ̀ ni, àbí kí n di gaàrí?"