Ìdí tí "gbé e kúrò lọ́kàn" kì í fi í wo ọgbẹ́ ọkàn

Bí ọkọ̀ bá dojú dé lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí Ọlọ́run yọ ìyá kan tó ń ta láfún nínú rẹ̀, ilé ìyá náà kì í dá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Aládùúgbò á wá, ẹgbẹ́ ọjà á wá, ará ṣọ́ọ̀ṣì àti ará mọ́sáláṣí á wá. "Ẹ kú ewu o. Irú ẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Báwo ló tiẹ̀ ṣe jẹ́ gan-an?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ròyìn rẹ̀ fún èèyàn mẹ́wàá: bí táǹkà ṣe ń bọ̀, bí dírẹ́bà ṣe yà, ẹni tó jókòó tì í tí kò dìde mọ́. Nígbà tó bá wá di oṣù kejì, tí oorun kò kùn ún, tí fèrè táǹkà ṣì ń mú un ta gìrì, tí kò fẹ́ wọkọ̀ lọ ná ọjà Akẹ̀sán mọ́, àwọn kan náà á yí ohùn padà: "Ó ti tó o. Gbé e kúrò lọ́kàn. Ṣé orí rẹ nìkan ló ti ṣẹlẹ̀ ni?"

Èrò tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìyá náà ló di ìrora rẹ̀ mú, pé bó bá jọ̀wọ́ rẹ̀, á lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dojú dé, kò sí ohunkóhun níkàáwọ́ rẹ̀. Ẹni tó ní kó máa ròyìn rẹ̀ ní tipátipá, àti ẹni tó ní kó gbàgbé ní tipátipá, ohun tó kù níkàáwọ́ rẹ̀ ni wọ́n tún ń gbà.

Ẹni tó bá rántí ọjà àná mọ̀ pé àná ni. Ìrántí ewu ńlá kì í dúró bẹ́ẹ̀ nínú ọpọlọ. Wẹ́wẹ́ ló máa ń wà: òórùn pẹtiróòlù, ìró irin, ooru, igbe ẹnìkan, láìsí àmì "ó ti kọjá" lára èyíkéyìí. Ìdí nìyẹn tí òórùn ilé epo fi lè mú kí àyà rẹ̀ máa lù kì-kì-kì, kí ọwọ́ rẹ̀ tutù, kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ ohun tó dé. Ara ló kọ́kọ́ gbọ́, ẹ kò sì lè bá ara wíjọ́. Lọ́dún 1987, Daniel Wegner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn kan má ronú nípa béárì funfun, kí wọ́n lu agogo nígbàkúùgbà tó bá sọ sí wọn lọ́kàn. Agogo ò yé dún. Béárì tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan nìyẹn o.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ara wọn ń balẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí àlá burúkú, ìjayà, àìsùn àti sísá fún ohun tó jọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà bá kọjá oṣù kan, tí kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́, àìsàn ni, PTSD ni àwọn dókítà ń pè é. Ó ti wà nínú ìwé àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà láti 1980. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́, kì í ṣe ojo.

Ẹ má sì rò pé kó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀nà àbáyọ. Nígbà kan, àwọn oníṣègùn pàápàá ń kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ewu jọ, wọ́n ń ní kí wọ́n ròyìn rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé kò ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì dá kún ti àwọn mìíràn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n má lò ó mọ́.

Judith Herman, dókítà ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, to ìtọ́jú náà sí ipele mẹ́ta lọ́dún 1992: kí ọkàn kọ́kọ́ balẹ̀, kí ó tó rántí kó sì ṣọ̀fọ̀, lẹ́yìn náà kó padà sáàárín èèyàn. Ipele kìíní ló wà lọ́wọ́ àwọn ará ilé, òun náà sì ni wọ́n ń fò jù.

Ẹni tí ọkàn lè balẹ̀ sí kì í ṣe ẹni tó gbọ́n jù nílé. Ẹni tó ń wá nígbà tó ní òun á wá ni. Ó ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é, ó ń bèèrè kó tó fọwọ́ kàn án, bó bá sì gbọ́ "rárá", kì í bínú. Títú àṣírí ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù nínú agboolé wa: ohun tó sọ fún ìyàwó àbúrò ọkọ láàárọ̀ á ti dé ìsọ̀ aláta kó tó di ọ̀sán. Ẹnu ìyá náà á wá pa dé fún ọdún kan.

Ká mú òru. Ó fi igbe jí. Ọ̀pọ̀ ọkọ á gbá a mú, á máa mì ín, ara tó ń sá fún ewu á sì ka ọwọ́ yẹn mọ́ ewu. Ẹ tan iná. Ẹ dúró níbi tó ti lè rí yín, kí ẹ má dí ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ pe oríkì rẹ̀: "Àbẹ̀kẹ́, èmi ni. Ilé la wà, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òru Ọjọ́rú ni." Kó fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ sìmẹ́ńtì, kó fi ọwọ́ méjì di ife omi tútù mú. Kó fa atẹ́gùn símú, kó kà á dé 4, kó rọra mí i síta, kó kà á dé 6, fún bí ìṣẹ́jú 5. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ń ṣọ́ èémí wọn báyìí, ńṣe lẹ̀rù ń pọ̀ sí i. Ẹ fi èémí sílẹ̀, kó dárúkọ nǹkan márùn-ún tó rí nínú yàrá. Ẹ má bi í léèrè àlá náà lóru yẹn.

Ìyókù dọwọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, tí yóò máa rí i lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, bí ìgbà 8 sí 15, ìṣẹ́jú 60 sí 90 lẹ́ẹ̀kan. Ìyá náà á máa fún ẹ̀rù rẹ̀ ní máàkì, láti 0 dé 100. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti orí jíjókòó nínú ọkọ̀ tó dúró sí gáréèjì, lẹ́yìn náà kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n wá wà á dé ìparí àdúgbò. Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyí: ẹ̀rù dé 80, ó ní òun fẹ́ sọ̀, ó sì sọ̀ kíá. Ara á gbà pé sísọ̀ ló gba òun là, ìgbà tó ń bọ̀ á sì le jù báyìí lọ. Ó yẹ kó dúró títí ẹ̀rù á fi dín kù dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n á ti jọ ṣàdéhùn kó tó wọlé. Ẹni tó bá tì í wọ ọkọ̀, tó pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn, ti ba iṣẹ́ oṣù kan jẹ́.

Ẹni tó bá rò pé àṣà òyìnbó lásán nìyí, kó rántí ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò, l'Ábẹ́òkúta. Láti 1954, dókítà ọpọlọ Adéoyè Lámbò fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kálukú pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, ilé àti oúnjẹ ìbátan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àdúrà kò ba ìtọ́jú jẹ́. Kí èèyàn mẹ́rin di ẹni tí wọ́n ti lù rí mọ́lẹ̀ lórúkọ ìdáǹdè ló ń bà á jẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé obìnrin kan ṣì ń bá ọkọ tó ń lù ú gbélé, kò sí èémí tí a kà dé 6 tó máa mú ara rẹ̀ balẹ̀. Ibi tó máa sùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ yé ra oògùn oorun irú Valium fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ewu ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì: Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí i fún ìjayà oṣù àkọ́kọ́. Ẹ béèrè ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí UCH n'Íbàdàn.

Ẹni tó kàn fẹ́ kí i lè ṣe é báyìí: "Ẹ kú ewu, ìyá. Mo gbé ẹ̀kọ díẹ̀ wá. Màá tún yà lọ́jọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́rin." Kó jókòó díẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun. Lọ́jọ́ Ẹtì, kó dé ní aago mẹ́rin.